Ọkọ̀ Oòrùn àti Gbèsè Màmá Oníṣáàjì

Nígbà tí olóòtú ní kí n kọ nǹkan fún ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa, ó ní kí n sọ bí ẹni tó ṣe sáyẹ́ǹsì ní girama ṣe di ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Yorùbá. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí, èsì tí mo sì máa ń fọ̀ ni pé JAMB ló gbé mi wá. Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Èyí tó kù nínú òótọ́ náà wà nínú ọkọ̀ kan tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ JETS kàn ní Iléṣà láàárín ọdún 2015 sí 2016, ọkọ̀ tí oòrùn ń gbé rìn, àti nínú okùn kan tí mo so tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

JETS ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ní Nàìjíríà. Ní ilé-ìwé tiwa, àwa mọ́kànlá ni, obìnrin méjì péré ló sì wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí a bá jáde ní kíláàsì, ni a máa ń pàdé. Lásìkò yẹn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti tún àwọn ilé-ìwé tò, girama àgbà ti di ohun tí wọ́n ń pè ní high school, a sì ń wọ aṣọ kan náà káàkiri ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ náà ti dé láti ọdún 2013, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe girama ní Ọ̀ṣun lásìkò yẹn, ẹ ó rántí bí a ṣe ń gbé e kiri bí ọmọ tuntun.

Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ dára, àmọ́ iná ló ń jẹ, iná ni kò sì sí. Ohun tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé Òṣogbo, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ sí wa, ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ iná tó ń ti Kainji, Jebba, Shiroro àti àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá yòókù wọlé. Bí gbogbo rẹ̀ bá dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń darí bí wọn yóò ṣe tún un gbé dìde. Olùkọ́ Fíṣíìsì wa a máa ní, "Ẹ ò rí i pé a wà létí odò, itọ́ la fi ń ṣanwọ́."

Ọmọ kíláàsì mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, nítorí kò sí rédíò tó bàjẹ́ tí kò ní tú. Màmá rẹ̀ ní ìsọ̀ kékeré kan nítòsí Ọjà Atákúnmọ̀sà. Káàdì ìpè àti omi inú ọ̀rá ló kọ́kọ́ ń tà, kó tó ra pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì, wáàtì 80 lọ́kọ̀ọ̀kan, tó gbé wọn sórí páànù ìsọ̀ náà, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáàjì fóònù ní ₦50. Kò pẹ́ tí ṣáàjì fi di iṣẹ́ gan-an, tí omi àti káàdì wá di àfikún. Lọ́jọ́ tí iná kò bá sí, fóònù á tò lọ súà lórí tábìlì rẹ̀, bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí á sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ wa náà, ibẹ̀ là ń gbé e lọ. Pé a jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́.

Ọmọ òṣómàáló ni Màmá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà lè má mọ bí orúkọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ máa ń tà á láwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò náà á dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Kì í jà, kì í bú ènìyàn. Á kàn lóṣòó síbẹ̀ ni, kí gbogbo àdúgbò máa wò ó. Iṣẹ́ yìí ni bàbá Màmá ṣe dàgbà, Màmá sì jogún sùúrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tó bá ní àwọn ń bọ̀ lọ́la ni, "Kò burú. Gbèsè kì í jẹrà."

Olùkọ́ Fíṣíìsì wa ló gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá. Lọ́dún 2014, ìròyìn tàn káàkiri pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, tó wà ní ọdún àṣekágbá nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti sọ Volkswagen Beetle di ọkọ̀ tí oòrùn àti atẹ́gùn ń gbé rìn. Ó gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó lò jẹ́ àlòkù tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un. Iṣẹ́ náà gbà á ní nǹkan bí ọdún kan, owó tó ná sì kù díẹ̀ kó pé 6,000 dọ́là. Bátìrì rẹ̀ máa ń gba wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kó tó kún.

Olùkọ́ wa yà á sójú pátákó. Ó tún sọ ti ìdíje ọkọ̀ oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Australia lọ́dún 1987, láti Darwin dé Adelaide, nǹkan bí kìlómítà 3,000, tí Sunraycer, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ General Motors, gba ipò kìíní pẹ̀lú eré kìlómítà 67 ní wákàtí kan. Ó ní àwọn ọmọ girama ní Texas náà ní ìdíje tiwọn, ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993 láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè kan ọkọ̀ oòrùn fúnra wọn. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi Texas sílẹ̀. Ifẹ̀ nìyí níwájú wa. Bí a bá wọ bọ́ọ̀sì báyìí, a ó débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n." Owó tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ náà jẹ́ ₦4,700.

Ohun tí a kàn kò tó ọkọ̀ gidi. Irin bẹ́ẹ̀dì àlòkù tí wẹ́dà kan lẹ́yìn ilé-ìwé jó pọ̀ fún wa ni férémù rẹ̀. Táyà bárò méjì wà níwájú, táyà kẹ̀kẹ́ méjì wà lẹ́yìn. Àga ṣíṣu láti kíláàsì, tí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ìjókòó. Ibi tí wàhálà wà ni ẹ̀rọ tí yóò yí táyà. A kọ́kọ́ gbé èyí tó ń ta ọkọ̀ jí sí i, nítorí ó lágbára. Lóòótọ́ ló lágbára. Ó fa ọkọ̀ náà síwájú bí ẹṣin, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ èéfín jáde, bátìrì sì kú.

Ìgbà yẹn ni Ẹnjiníà mú wa lọ bá Bàbá Ríwáyà. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni Bàbá ń ṣe, kò sì ka ìwé púpọ̀. Ó wo ẹ̀rọ tó jóná náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo, pé eré ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n dá a fún, kó ta ẹ́ńjìnnì jí kó sì sinmi. Ó fún wa ní ẹ̀rọ tó ń yí fáànù radiétọ̀, ó ní ìyẹn lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Kò lágbára tó, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀pọ́n ṣéènì kékeré sí ara rẹ̀, tí a sì fi ńlá sí ara táyà, ohun tí kò lè fi agbára ṣe, yóò fi sùúrù ṣe é.

Bàbá ló kọ́ mi ní iná mànàmáná ju ìwé Fíṣíìsì mi lọ. Ó ní, "Fólítì ni gíga tí ẹ gbé táńkì omi sí. Áńpù ni iye omi tó ń gba inú páìpù kọjá. Bí táńkì bá ga, tí páìpù tín-ín-rín, omi díẹ̀ ni ẹ ó rí. Bí páìpù bá tóbi, tí táńkì wà nílẹ̀, kò ní lè gòkè." Àpótí kékeré tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù fún bátìrì, adènà ni ó ń pè é. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ohun tí a bá ṣe, títí Bàbá fi ní kí n ka ohun tí mo kọ sí òun létí, kí òun lè mọ̀ bóyá mo ṣì í gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Yorùbá. Gbogbo Ọjọ́rú ni mo ń kà á fún un, tí yóò máa ṣàtúnṣe: "Rárá, má pè é ní agbára. Agbára kọ́ ló bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, omi ló gbẹ." Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ mi di òní.

Ó wá ku pánẹ́ẹ̀lì. A ò lówó rẹ̀. Méjì orí ìsọ̀ Màmá nìkan ni a mọ̀ pé a lè rí, Ẹnjiníà ló sì lọ bẹ̀ ẹ́. Màmá ní ọjọ́ Àìkú nìkan, nígbà tí òun kì í ṣí ìsọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ padà sórí páànù òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó pe gbogbo wa, ó nawọ́ sí òrùlé. "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin rí díígí, èmi rí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Ẹ má fi ṣeré."

Oṣù kìíní ọdún 2016, ọkọ̀ náà rìn. Ọyẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, eruku bo pánẹ́ẹ̀lì. Bàbá Ríwáyà gbé mítà rẹ̀ wá, ó wọ̀n ọ́n: áńpù mẹ́fà. Lórí ìwé, wáàtì 160 ni pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì; ohun tó ń wọlé kò tó ìdajì rẹ̀. A fi aṣọ tútù nù wọ́n, ó gun mẹ́jọ. Ẹ̀rọ fáànù ń jẹ méjìlá. Bàbá ní kò burú, oòrùn yóò mú mẹ́jọ wá, bátìrì yóò fi mẹ́rin kún un, bí ọkọ̀ bá sì dúró, oòrùn yóò dá mẹ́rin náà padà fún bátìrì. Èmi ni mo fúyẹ́ jù nínú ẹgbẹ́, nítorí náà èmi ni dẹ́rẹ́bà. Mo wà á láti ojú gólì kan dé ojú gólì kejì. Eré rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń yára rìn lọ. Àwọn ọmọ kékeré ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń kọjá mi, wọ́n ń padà wá. Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe àwọn ilé-ìwé sí àfihàn iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òṣogbo, nínú oṣù kẹta. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ tí ìsọ̀ Màmá máa ń kún jù. Ó gbà wá láyè pẹ̀lú ìpinnu kan: owó ọjọ́ kan, ₦2,500, kí a san án ṣáájú. A dá a, a san án.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a pín iṣẹ́. Ẹnjiníà ń ṣe wáyà. Èmi ni kí n de pánẹ́ẹ̀lì mọ́ férémù. Bàbá Ríwáyà ti kìlọ̀ pé bóòtù mẹ́rin ni kí ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo de pánẹ́ẹ̀lì kìíní tán. Nígbà tí mo dé orí èkejì, bóòtù ku méjì. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ilé wa jìn, bàbá mi kì í fẹ́ kí n pẹ́ níta. Ibi tí wọ́n ti ń ta bóòtù kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo fi bóòtù méjì dè é níwájú, mo fi okùn ọ̀rá so ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rọ kókó rẹ̀ sí abẹ́ kí ó má hàn. Mo sọ fún ara mi pé láàárọ̀ kùtùkùtù n ó ra bóòtù. Àárọ̀ dé, ọkọ̀ akẹ́rù ti dé ṣáájú mi, wọ́n ti gbé e sókè.

Olùkọ́ wa àti èmi jókòó síwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà. Ẹnjiníà àti ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀ wa. Bí a ṣe kúrò ní Iléṣà, tí eré wá pọ̀ sí i, mo ń gbọ́ tí nǹkan ń lù pẹ́pẹ́pẹ́. Mo mọ ohun tó jẹ́. N kò sọ̀rọ̀. A já sínú kòtò kan, ìró náà dákẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ igbe Ẹnjiníà. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì kejì wà lójú títì lẹ́yìn wa, díígí rẹ̀ ti fọ́ bí ìgbà tí yìnyín bá já lu ilẹ̀.

Olùkọ́ wa béèrè pé, "Ta ló yẹ kó mójú tó o?" Ohun tí ó béèrè gan-an nìyẹn. Kò béèrè ẹni tó so ó. Ẹnjiníà ní, "Èmi ni mo wà lẹ́yìn, sà." Mo wà níbẹ̀. Mo ní ẹnu. Okùn náà ṣì ń fì lára férémù, mo rìn lọ síbẹ̀, mo tú u, mo jù ú sínú igbó.

Ní Òṣogbo, pánẹ́ẹ̀lì kan kò tó láti fi hàn wọ́n ohun tí a fẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì kún, nítorí odindi ọjọ́ tó ṣáájú ni a fi gbé e sóòrùn. Mo wà á yí pápá náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ ní bátìrì lásán ló ń gbé e, pé níbo ni oòrùn wà? Ẹnjiníà dáhùn ní Yorùbá pé, "Oòrùn àná ló wà nínú bátìrì yìí, sà. A tọ́jú rẹ̀ ni." Wọ́n ní kí ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ọmọ tó mọ gbogbo wáyà inú ọkọ̀ náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé wọn dúró bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo bọ́ síwájú, mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onídàájọ́ mi orí, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ìwé ẹ̀yẹ kékeré tí wọ́n fún wa nírọ̀lẹ́, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀.

Ẹ gbé e wò: lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó gba ẹ̀bi mi, mo gba ìyìn rẹ̀.

Màmá kò pariwo. Iye tí òun ra pánẹ́ẹ̀lì náà, ₦18,000, ló dá. Ẹgbẹ́ dá ₦6,500. Ó ku ₦11,500. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Màmá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí ẹnu géètì ilé-ìwé, ó jókòó. Ó ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé, ó ń béèrè àlàáfíà ìdílé wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọlé. Nílé wa, owó oṣù bàbá mi kò jáde fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún yẹn, n kò lè mú ọ̀rọ̀ ₦11,500 dé iwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá kò wá mọ́. Ẹnjiníà ti lọ bá a pé òun yóò máa lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Ríwáyà lẹ́yìn ilé-ìwé, kí ó máa gba owó náà níbẹ̀. Èrè pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò tó fún wọn nílé, owó ìyá rẹ̀ lọ sórí oúnjẹ, iṣẹ́ náà sì pọ̀ sí i. Nígbà tí a ṣe WAEC tán lọ́dún 2017, mo gba fọ́ọ̀mù JAMB. Òun kò gbà á.

Máàkì mi kò tó ìmọ̀ ẹ̀rọ. Èdè Yorùbá ni wọ́n fún mi, mo sì sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa, mo ka ohun tí Bàbá Ríwáyà sọ nípa táńkì àti páìpù, mo rántí Ẹnjiníà níwájú àwọn onídàájọ́, mo sì gbé àpò mi. Ẹ̀yin tí ẹ rántí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò fún ẹ̀rọ ní Iléṣà, ẹ ti mọ ibi tí ó ti wá báyìí. N kò kọ orúkọ Ẹnjiníà sí ojú ewé ìdúpẹ́. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó bẹntiróòlù fò sókè, jẹnẹrétọ̀ wá di ohun tí ènìyàn ń wò lójú lásán. Gbogbo ẹni tó rí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sólà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi pè mí lórí fóònù pé òun ti rí ẹni tí yóò ṣe tiwa nílé, ọmọ dáadáa kan láti Òṣogbo, tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Mo wálé ní ọjọ́ Sátidé náà. Ọmọ dáadáa náà ti wà lórí òrùlé wa. Ẹnjiníà ni.

Ó kí mi bí ẹni tó rí mi lánàá. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń wò ó bí ó ṣe ń di bóòtù, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń fi ọwọ́ mì í, tó tún ń di í. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ wá mu omi, mo sọ fún un. Mo sọ bóòtù méjì, mo sọ okùn, mo sọ bí mo ṣe jù ú sínú igbó. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà, kò gba ìṣẹ́jú méjì láti sọ.

Ó mu omi rẹ̀ tán. Ó ní, "Mo rí okùn yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní kí n sọ ọ́, mo tún ní yóò gbé wa dé Òṣogbo. Mo rò pé èmi ni mo ba pánẹ́ẹ̀lì Mọ́mì mi jẹ́ ni." Àwa méjèèjì dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ti ìwé ẹ̀yẹ yẹn ló dùn mí jù. Mo fẹ́ fi han Mọ́mì."

Mo ní mo fẹ́ san owó náà. Ó ní kì í ṣe owó òun, kí n lọ bá ẹni tó ni ín.

Ìsọ̀ Màmá ti tóbi sí i, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló gbé wọn síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo rò fún un bí ó ṣe rí, mo na ₦20,000 sí i. Èmi rò pé yóò ní kí n mú un padà, pé ó ti pẹ́. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 80, èló ni wọ́n ń tà á báyìí?"

"Ó tó ₦55,000, Mọ́mì."

Màmá ká owó náà sínú ìdí aṣọ rẹ̀. "Ẹ ti san ₦6,500 rí. Ó ku ₦28,500," ó ní. "Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Mo jẹun níbẹ̀, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Kí n tó lọ, mo fi ìwé ẹ̀yẹ ọdún 2016 náà sílẹ̀. Mo ti kọ orúkọ Ẹnjiníà sí i lókè orúkọ mi, pẹ̀lú bírò. Màmá gbé e kọ́ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó kọ iye owó ṣáàjì sí.

Olùkọ́ Fíṣíìsì wa pè mí lóṣù tó kọjá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ti rí férémù wa lẹ́yìn yàrá ẹ̀kọ́, wọ́n fẹ́ gbé e dìde, ó sì ní kí n fi ìwé àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán lórí kọ̀ǹpútà, ní Yorùbá bí Bàbá Ríwáyà ṣe sọ ọ́. Ojú ewé kan péré ni mo fi kún un, èyí tó sọ ti bóòtù mẹ́jọ, ibi tí wọ́n ti ń tà á, àti iye ìṣẹ́jú tí ó gbà láti rìn débẹ̀.

Ní ti gbèsè, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń san án bí owó bá ti ń wọlé. Ó ku ₦8,000. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Màmá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó fún mi di ìparí oṣù. Ó ní kò burú, òun wà ńlẹ̀.